Ìgbà wo ló yẹ kí onílé géèmù ra káàdì tuntun?

Ẹni tó bá ní ilé géèmù n'Ígbókòdá tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú etí omi Ìlàjẹ mọ̀ pé bí kọ̀ǹpútà bá ti ń falẹ̀, àwọn oníbàárà yóò gba ibòmíràn lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, nítorí wọ́n gbọ́ pé káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, irú tuntun, ń bọ̀ lọ́nà.

Tuntun kì í tán lọ́nà. RTX 3060 tí Nvidia ṣe jáde ní 2021, 4060 tẹ̀lé e ní 2023, 5060 dé ní 2025. Èrè oníṣòwò kékeré níbẹ̀ ni pé àwọn tó ra tuntun lókè òkun á ta èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, òun ló ń di tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà. Nítorí náà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí tuntun bá jáde ló dára láti wá ọjà lọ.

Àmọ́ kí wọ́n má tan ara wọn jẹ. RTX 3080 ti 2020 lágbára, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì lè wọ́n níwọ̀n, ṣùgbọ́n 320 wáàtì ló ń jẹ, nígbà tí 4060 ń jẹ 115 péré. Lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 820 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ìyàtọ̀ yẹn nìkan, ká má tíì sọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè jẹ èrè ọjọ́ kan tán.

Ní ti prósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ẹni tó ní bọ́ọ̀dù AM4 ti AMD kò nílò láti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ọdún 2017 ló ń gba Ryzen 5000 tó jáde ní 2020, bí wọ́n bá ti tún BIOS rẹ̀ ṣe.

Dọ́là náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà kọjá 750 kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó ń retí kí owó káàdì wálẹ̀ nígbà náà, náírà ló wálẹ̀ fún un. Bí káàdì tó yẹ bá wà, tí owó sì wà lọ́wọ́, kí wọ́n rà á kí ọlidé gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi géèmù dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó sanwó.