Má Dúró De WAEC Kí O Tó Kọ̀wé

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Òwe yìí kò ní kí ọmọ dúró títí wọ́n á fi gbé àwo kalẹ̀ kó tó máa sáré wá omi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ń ṣe nìyẹn: wọ́n á ṣe WAEC tán, wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí kóòṣì yunifásítì Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká ka oṣù. Nínú òfin NCAA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀, kóòṣì eré sísá ní Division I, ìpele tó ga jù nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ pe ọmọ lórí fóònù tàbí kọ ímeèlì sí i pé kó wá sáré fún òun, àfi láti June 15 lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá. Kíláàsì yẹn ni SS1 wa. Ẹnu kóòṣì ni òfin náà dì, kò di ọwọ́ ọmọ. Nítorí náà, ní táámù kẹta SS1, ó yẹ kí ímeèlì àkọ́kọ́ ti jáde. Bí wọn kò bá fèsì, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ni kò tíì pé. Kọ òmíràn lẹ́yìn June 15, sì tún kọ nígbà tí o bá sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Omi wo la fi ń wẹ ọwọ́ ọ̀hún? Kóòṣì kò mọ àwọn tí o fi sẹ́yìn ní inter-house. Iye ìṣẹ́jú àáyá ló fẹ́ rí. Wá ìdíje tí ẹ̀rọ ti ń ka àkókò, kódà bó gba danfo méjì dé Yaba tàbí Sùúrùlérè. Fi fídíò kúkurú sí i, kí o sọ ìlà tí o wà. Má sì fi ìwé ṣeré: láti kíláàsì kẹsàn-án, ìyẹn JSS3, ni NCAA ti ń ka ẹ̀kọ́ 16 tó fẹ́, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nínú wọn.

Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti gba góòlù ní African Games ní Brazzaville ní 2015 kó tó wọ yunifásítì ní El Paso, Texas. Ní 2017, ó borí NCAA nínú eré onídènà 100 mítà. Ní 2022, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ kó tó dé ìdí àwo.

Ẹ̀yin òbí, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kóòṣì kì í gbowó kó tó ka ímeèlì ọmọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ kówó wá kí òun lè bá yín ra ààyè, ẹ yàgò fún un.

Ìwọ tó ti ṣe WAEC tán ńkọ́? Kọ̀wé lálẹ́ òní. Ọdún tí o bá fi ń díje nílé lẹ́yìn ilé-ìwé lè jẹ nínú ọdún tí wọn ì bá fún ọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ti gbé àwo kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì palẹ̀ rẹ̀ mọ́.