Àpótí Kòkó àti Ibi Tí A Ó Sá A Sí: Bí A Ti Í Ṣírò Wọn

Àgbẹ̀ tí àpótí rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n tí ibi ìsákòkó rẹ̀ kéré, kòkó rẹ̀ yóò bu kí ó tó gbẹ. Nítorí náà, ó yẹ kí olúkúlùkù yín mọ ìṣirò mẹ́ta wọ̀nyí kí ẹ tó pe káfíńtà.

1. Ohun tí inú àpótí gbà. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti jíjìn inú àpótí ní ẹsẹ̀ bàtà. Bí gígùn bá jẹ́ 3, tí ìbú jẹ́ 3, tí jíjìn sì jẹ́ 2: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9; 9 lọ́nà 2 jẹ́ 18. Èyí ni pé ó gba kòkó tútù tí ó lè kún àpótí kékeré 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn.

2. Ara àpótí. Inú kòkó ni ooru ti ń wá. Ara àpótí ni ó ń gbà jáde. Àpótí kékeré yìí ní ojú 6, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Bí gígùn, ìbú àti jíjìn bá di 2, ojú kọ̀ọ̀kan yóò di 4, àpapọ̀ yóò di 24. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò gba 8. Ara di ìlọ́po 4, inú di ìlọ́po 8. Ìdí nìyí tí kòkó díẹ̀ kì í fi í gbóná tó, tí kì í sì í kan dáadáa. Kí ẹni tí kòkó rẹ̀ kò pọ̀ fọ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, kí wọ́n sì bò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n kí jíjìn kòkó má ṣe ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kí afẹ́fẹ́ má baà wọ́n ọn. Ẹ máa yí i ní ọjọ́ méjì méjì.

3. Ibi ìsákòkó. Kí kòkó tí a tẹ́ má ṣe nípọn ju íǹṣì 2 lọ. Íǹṣì 12 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 1; nítorí náà, kòkó inú àpótí kékeré kan yóò gba ilẹ̀ àpótí 6. 18 lọ́nà 6 jẹ́ 108. Ẹní tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó sì fẹ̀ ní 9, yóò gbà á.

Bí ẹní yín bá jẹ́ 9 lọ́nà 6, 54 péré ni. Ìdajì ni yóò gbà. Ẹ fọ́ ìdajì, kí ẹ dá ìyókù dúró. Kòkó tí a kò tí ì fọ́ lè dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí a ti fọ́ kò lè dúró.