Owó Ẹyọ Kì Í Ṣe Ará Àgbádárìgì

Ẹ jẹ́ n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé níbí ní Àgbárá mú owó ẹyọ ìyá àgbà rẹ̀ wá, ó ní, "Àǹtí, ṣé òkúta ni?" Mo ní rárá o, èèpo ìgbín òkun ni, Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń ṣà á. Ìdajì àkọ́kọ́ tọ̀nà. Ìdajì kejì, irọ́ gbáà ni, èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ni mo sì pa á.

Oríṣi ìgbín méjì làwọn baba ńlá wa ná. Monetaria moneta pọ̀ ní erékùṣù Maldives; Monetaria annulus, etíkun Zanzibar ni wọ́n ti kó o. Omi Òkun Íńdíà tí kò jìn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni wọ́n ń gbé, láàárín iyanrìn, koríko òkun àti òkúta iyùn. Òkun tiwa náà ní ìbátan wọn, Trona stercoraria, ṣùgbọ́n òun tóbi jù wọ́n lọ, kì í ṣe òun la ná.

Ẹ wo bó ṣe ń dán. Èèpo ìgbín inú igbó a máa ha, a máa ṣá. Ti owó ẹyọ kò rí bẹ́ẹ̀, torí nígbà tó wà láàyè, ẹran ara rẹ̀ máa ń yọ jáde lọ́tùn-ún lósì, á bo èèpo náà bí aṣọ ìbora. Ẹran yìí ló ń kùn ún, ìpele lórí ìpele. Lọ́mọdé, ó ṣì jọ ìgbín lásán, ẹnu rẹ̀ á là gbòò. Bó bá dàgbà ni ètè á ká wọnú, á wá hu eyín.

Ibn Battuta, tó gbé Maldives ní 1343, kọ ọ́ pé inú kòtò ni wọ́n ń kó wọn sí títí ẹran á fi jẹrà tán. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òyìnbó ń kó moneta wá sí Ouidah àti etíkun wa, wọ́n sì fi ra èèyàn. Kò sẹ́ni tó lè ṣà á létí òkun níbí. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè jẹ́ owó. Ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. (Àpò ni ọ̀kẹ́. Títí dòní, àpò owó ẹyọ la fi ń ka ẹgbàáwàá!)

Ní nǹkan bí 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó annulus ti Zanzibar wá, epo pupa ni wọ́n ń fi rà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kó o dé débi pé owó ẹyọ di yẹpẹrẹ.

Wọ́n ti gé ẹ̀yìn èyí tó wà lọ́jà kí okùn lè gba inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè dá wọn mọ̀: moneta ní kókó àti igun létí, annulus rí bí ẹyin.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tọrọ àforíjì, mo sì ṣàlàyé. Ọmọ náà fi ìka tọ́ etí tirẹ̀ yíká, ó wò mí, ó ní, "Kò ní igun o, Àǹtí. Ti epo ni tiwa."