Òru Kò Mẹni Ọ̀wọ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìdí nìyí tí n kò fi ní í bá ẹnikẹ́ni wí, bí ìgbà ìsinmi bá dé tí ó ní òun fẹ́ mọ bí òru ti ń rí ní Èkó akéte, ilé ọgbọ́n, àrómisá-lẹ̀gbẹ̀-lẹgbẹ, ìlú tí òkìkí àwọn ilé ijó rẹ̀ ti kàn dé ibi tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ Àgbàdo wa yìí rí. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ wa ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà dé, tí wọ́n ń sun ọ̀sán nílé ìyá wọn ní Mẹ́ìrán àti Abúlé-Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì ń fi òru náwó kiri, ìbéèrè kan a máa wà lẹ́nu tọmọ-tòbí: ǹjẹ́ àwọn ilé olókìkí wọ̀nyí tó ohun tí à ń náwó nára lọ wò? Èyí tí ó tó bẹ́ẹ̀ ń bẹ, èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. Ohun tí ènìyàn yóò sì fi dá wọn mọ̀ ni pé kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà.

Láyé ọjọ́un, ọwọ́ olórin ni ó ń gbé ilé ijó ró. Caban Bamboo tí ó wà ní Ọ̀nà Ìkòròdú, Bobby Benson ni; Stadium Hotel ní Sùúrùlérè, Victor Ọláìyá afunfèrè ni; Àríyá ní Jíbówù, Sunny Adé ni. Ẹni tí ó lọ síbẹ̀ kò lọ wo ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ wo iná; ó lọ gbọ́ iṣẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ í ṣe ni.

Ẹ wo Fẹlá Aníkúlápó Kútì, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, Abàmì Ẹ̀dá, tí ó sọ gbọ̀ngàn Empire Hotel ní Ìdí-Òro, lẹ́bàá ojú irin kan náà tí ó gba Àgbàdo kọjá, di Afrika Shrine ní àwọn ọdún 1970. Tí àwọn ológun dáná sun ilé rẹ̀, Kalakuta, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọdún 1977. Tí ó tún gbé Shrine lọ sí òpópó Pepple ní Ìkẹjà, tí kò sì dákẹ́ orin títí ó fi papò dà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ọdún 1997. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun: ní ọdún 2000, Yẹni àti Fẹ́mi, àwọn ọmọ rẹ̀, ṣí New Afrika Shrine ní Àgídìngbì. Nígbà tí Emmanuel Macron, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, dé ibẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2018, gbogbo ayé gbọ́, ọ̀pọ̀ sì rò pé ẹsẹ̀ Ààrẹ ni ó sọ ibẹ̀ di ńlá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú ibẹ̀ tó ohun tí à ń lọ wò ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Fẹ́mi fi ń ṣe ìdánrawò orin rẹ̀ ní gbangba ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láìgba owó ẹnu ọ̀nà, kí ó tó di pé ó ṣeré fún àwọn tí ó sanwó ní ọjọ́ Ìsinmi. Àlejò tí ó bá lọ jókòó síbi ìdánrawò bẹ́ẹ̀ yóò rí bí a ti ń hun orin, èyí tí owó tábìlì kankan kò lè rà fún un níbòmíràn. Ní oṣù Kẹwàá, nígbà Felabration, àjọ̀dún ìrántí Fẹlá tí Yẹni dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, àwọn olórin pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ ju àyè lọ. Ẹni tí kò bá lè dúró di ìdájí kí ó yan ọjọ́ mìíràn.

Irú kejì ni àwọn ilé tí ó tò lọ ní Victoria Island, níbi tí wọ́n ti ń ta ìjókòó, tí wọ́n ń tan iná sórí ìgò ọtí gbé e kọjá lójú èrò, tí iye ìgò náà sì ti di ìlọ́po-ìlọ́po iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà, tí orin tí a ń lù níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ó wà nínú fóònù àlejò láti ilé. A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Bí ọlọ́rọ̀ bá lọ, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn láti rí ọ̀dọ́ tí ó fi oṣù mọ́kànlá ṣiṣẹ́ òru ní ìlú òtútù, tí ó wá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ kan nítorí kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Èkó. Ní Liverpool, Cavern Club wà, níbi tí àwọn Beatles ti ṣeré kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti ibẹ̀ ní ọdún 1973, wọ́n wó o, wọ́n sì tún un kọ́ ní ọdún 1984. Ẹni tí ó fẹ́ràn wọn lè lọ, kìkì pé kí ó mọ̀ kí ó tó sanwó pé ibi ìrántí ni òun ń lọ.

Ti ìrìn padà ni ó ká mi lára jù. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ọ̀nà Àgbàdo sì jìn lóru. Ọkọ̀ ojú irin pupa tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbàdo dé Òyìngbò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 lè gbé yín dé Ìkẹjà ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í dúró de ẹni tí ń jó di àfẹ̀mọ́jú. Òru kò sì mẹni ọ̀wọ̀, ìbáà ṣe olóyè, ìbáà ṣe ọmọ Ọba. Ẹ wá ibi tí ẹ ó sùn sí ní Ìkẹjà kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má ṣe dá nìkan lọ, ẹni tí ó bá mutí kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀.

Ní ti àwọn àgbàlagbà tí oorun kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀gànjọ́, ilé tí Fẹlá gbé kẹ́yìn ní òpópó Gbémisọ́lá ní Ìkẹjà ti di Kalakuta Museum láti ọdún 2012. Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá rẹ̀ àti bàtà rẹ̀, ọ̀sán ni a sì ń lọ wò ó. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀ lè padà sí Àgbàdo kí ilẹ̀ tó ṣú.