Ìṣírò Ọjọ́ Ìbí Ajá: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́rin

Aládùúgbò wa kan ní Ring Road, ní ìlú Ìbàdàn, jẹ́ kí akọ gun abo ajá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni oyún ajá. Ó kà á títí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní ó ti pé. Nígbà tí ajá kò bí, ẹ̀rù bà á, ó sì fẹ́ kí a fi iṣẹ́ abẹ gbé àwọn ọmọ náà jáde. Dókítà ẹranko kò gbà, nítorí pé ọmọ tí a bá yọ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó gbó kì í sábà yè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, ajá bí wọ́ọ́rọ́wọ́. Èrò tiwa ni pé àìsí ọ̀rọ̀-ìperí tí ó ṣe pàtó ni ó fa ìdààmú yìí.

Èkíní, níbo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà? A dábàá *ọjọ́ ìgùn* fún ọjọ́ tí akọ gun abo. A kò lo "gígùn", nítorí pé ó ti ní ìtumọ̀ mìíràn. A sì dábàá *ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ẹyin* fún ọjọ́ tí ẹyin kúrò ní ilé-ẹyin. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú abo ajá fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7, ẹyin pẹ̀lú sì nílò bí ọjọ́ 2 kí ó tó gbó. Nítorí náà, láti ọjọ́ ìgùn, ìbí lè bọ́ sí àárín ọjọ́ 57 sí 72. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ẹyin, tí a ń fi àyẹ̀wò progesterone inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀, ọjọ́ 62 sí 64 ni.

Èkejì, báwo ni a ṣe ń kà? Yorùbá a máa ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: láti Àìkú dé Àìkú, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ìtàdógún pàápàá, ẹẹ́tàdínlógún ni orúkọ rẹ̀, ọjọ́ 16 ni ó sì ń kọjá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 9 gééré ni ọjọ́ 63 tirẹ̀. Àìkú ni ì bá bọ́ sí, kì í ṣe Àbámẹ́ta.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ wòlíì àti babaláwo ni "ìsọtẹ́lẹ̀". *Ìfojúdá ìbí* ni a fara mọ́, nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Ní ìparí, *ìwálẹ̀ ìgbóná* ni àbá wa fún àmì pé ìbí kù sí dẹ̀dẹ̀: ìgbóná ara ajá, tí ó máa ń wà ní bíi 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a máa wálẹ̀ sí abẹ́ 37.2, ìrọbí a sì sábà bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24. Bí ọjọ́ kan bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ìrọbí, kí olówó ajá tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.