Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Fíìmù Abanilẹ́rù Ní Ìkìlọ̀?



Kì í ṣe bóyá Kristẹni lè wo fíìmù tàbí kò lè wò ó la fẹ́ jíròrò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Oníkálukú ti mọ èyí tí ilé rẹ̀ gbà. Ìbéèrè wa ni pé: bí ohun tó ń bani lẹ́rù, tó sì lè sọ egbò ọkàn di ọ̀tun, bá wà nínú fíìmù kan, ǹjẹ́ ó yẹ kí a sọ fún òǹwòran kí ó tó bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà tí fíìmù Frankenstein jáde ní Amẹ́ríkà ní 1931, ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ yọ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, tó sọ fún àwọn ènìyàn pé ohun tí wọ́n fẹ́ wò lè já wọn láyà. Nínú fíìmù ọ̀hún, ẹ̀dá abàmì kan ju ọmọdébìnrin sínú adágún omi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, ìpolówó ọjà wà nínú irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1958, William Castle tó ṣe fíìmù Macabre ṣèlérí owó ìbánigbófò 1,000 dọ́là lórí ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rù bá pa níbi tó ti ń wò ó. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ. Ìkìlọ̀ tó ń pe ènìyàn wá wòran kọ́ là ń sọ níhìn-ín.

Ní orílẹ̀-èdè wa, Òfin 85 ti ọdún 1993 ló dá ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wo fíìmù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń rí 15 tàbí 18 lára páálí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. 18 lè jẹ́ nítorí èébú, ó lè jẹ́ nítorí ìhòòhò, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń dúńbú ènìyàn. Ìyá ẹni àádọ́ta ọdún tó sin ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti kọjá ọmọ ọdún 18 tipẹ́. Ta ló sọ fún un pé òkú ọmọ ń bẹ nínú eré náà? Lóde òní tí ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń bọ́ sórí YouTube, páálí gan-an kò sí mọ́.

Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń túfọ̀. A kì í ṣàdédé já ọ̀rọ̀ ikú lu ìyá ọlọ́mọ. Àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta yóò wọlé tọ̀ ọ́, wọn á ní kó jókòó, wọn á ní ara ọmọ kò yá, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi fura. Èyí kò jí òkú dìde, ṣùgbọ́n wọ́n fún àyà rẹ̀ láyè díẹ̀. Fíìmù tó dá lórí fífi ènìyàn ṣe ògùn owó kì í fún ẹnikẹ́ni láyè bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ inú bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé e sí i, ibo ni olófọ̀ fẹ́ gbà jáde?

Àwọn kan ní ìkìlọ̀ yóò ba adùn ìtàn jẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ pé ọmọ kan kú nínú fíìmù, a kò tíì sọ ẹni tó pa á. Àtakò tó wúwo wà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn. Wọ́n kó onírúurú ìwádìí lórí irú ìkìlọ̀ yìí pọ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023: ìkìlọ̀ kì í dín ìdààmú ẹni tó bá wo nǹkan náà kù, ó tilẹ̀ ń mú kí àyà ènìyàn máa já ṣáájú, kì í sì í sábà mú kí ènìyàn yẹra. Kí a má fojú fo èyí dá. Ìkìlọ̀ kì í ṣe oògùn.

Síbẹ̀, mo gbà pé ó yẹ kó wà, nítorí ẹni tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú pálọ̀ wa, ẹnìkan ló ń yan fíìmù, ènìyàn mẹ́wàá ló ń wò ó: ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀, àlejò, Màmá àgbà. Onílé ló yẹ kí ìkìlọ̀ náà kọ́kọ́ bá, kí àwọn ènìyàn tó jókòó, nítorí obìnrin tó bá dìde láàárín eré, gbogbo ojú ni yóò tẹ̀ lé e jáde, tí wọn yóò sì máa béèrè ohun tó ṣe é. Kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà, irú bíi “ọmọdé kú nínú eré yìí,” “wọ́n fipá bá obìnrin lò.” Kí ó sì jẹ́ ní èdè tí fíìmù náà ń sọ. Mo ti rí fíìmù Yorùbá pọ́ńbélé tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ rẹ̀, ó sì ti kọjá lọ kí ẹni tó lè kà á tó kà á tán.

Fún ìjíròrò: Ẹ ka Róòmù 14:13–21. Àwọn wo ló ń bá yín wòran nínú ilé yín, kí sì ni ẹ mọ̀ nípa ohun tí ojú wọn ti rí? Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ fi fíìmù hàn ní ìpàdé, ta ni yóò kọ́kọ́ wò ó tán, ta sì ni yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn opó àti àwọn tí ọmọ kú fún láàárín wa?