Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọjà Òkèèrè fún Ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ọ̀gá olóòtú, níbo ni kí n ti máa ra aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé ní òkèèrè?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọmọ Mèsì Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, níwọ̀n bí a kì í ti í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dé Laleli ní Istanbul, níbi tí àwọn aláṣọ kì í ti í sábà tú ọjà tà lẹ́yọ, bí kò ṣe ní dìdì, àrà kan pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, láti ti pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé ti arọ̀bọ̀tọ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ ilé kún Yiwu ní ilẹ̀ Ṣáínà bámúbámú, ṣùgbọ́n tìmùtìmù àti òdòdó àtọwọ́dá fúyẹ́, wọ́n sì ń gba àyè, àyè yìí gan-an ni ọkọ̀ òkun sì ń gbowó lé: ẹ béèrè owó ọkọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ọlọ́jà.